Iná ABS Kò Ní Kí Ẹ Lọ Ra Sẹ́ńsọ̀

Ọ̀gbẹ́ni kan gbé Peugeot 307 wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjọ́ Sátidé kan, ó gbé ọ̀rá dúdú kan dání. Ó tú ohun inú ọ̀rá náà sórí bẹ́ǹṣì: sẹ́ńsọ̀ táyà mẹ́ta, tí méjì ṣì wà nínú páálí wọn, àti odindi àpótí ABS kan tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn.

“Bọ̀dá, ẹ wò ó, gbogbo èyí ni mo ti rà,” ló wí. “Iná yẹn ò kú.”

“Ta ló ní kí ẹ rà wọ́n, sà?”

“Mẹkáníìkì ni. Ó ní síkánà ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Síkánà, ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ ọkọ̀ láti ka kóòdù àìsàn rẹ̀, kò sọ bẹ́ẹ̀. Síkánà kì í ní kí ènìyàn ra nǹkan kan. Ohun tó ń ṣe ọkọ̀ ọ̀gbẹ́ni yìí kò sí nínú ọ̀rá yẹn rárá, n óò sì padà sórí rẹ̀. Mo fi ọ̀rá dúdú náà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nítorí pé mo ń rí irú rẹ̀ lóòrèkóòrè, ó sì ń dùn mí. Owó tí wọ́n ń fi ra ohun tí kò bàjẹ́ ni wọn ì bá fi ra táyà gidi mẹ́rin.

Kí a tó mọ bí a ṣe ń wá àìsàn ABS, a ní láti mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ènìyàn bá tẹ bíréèkì lójijì lójú ọ̀nà tí òjò ti pa, táyà lè dúró gbagidi kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣì máa lọ. Táyà tí kò yí mọ́ kì í gbọ́ ti sítíárìn. Ẹ yí i sọ́tùn-ún, ẹ yí i sósì, iwájú ni ọkọ̀ ń yọ̀ lọ. ABS ni kì í jẹ́ kí táyà dì bẹ́ẹ̀. Ó ní sẹ́ńsọ̀ kan nídìí táyà kọ̀ọ̀kan tó ń ka eré rẹ̀. Bí ó bá rí i pé eré ọ̀kan já wálẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, á dẹ bíréèkì ti táyà yẹn nìkan, á tún fún un, á tún dẹ ẹ́, ó sì lè ṣe é ju ìgbà mẹ́wàá lọ kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Ìyẹn ló máa ń gbọ̀n gìrìgìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì le. Kò bàjẹ́, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ má ṣe gbẹ́sẹ̀ kúrò, ẹ má sì máa tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀ bí a ti ń ṣe fún ọkọ̀ ayé àtijọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ máa darí ọkọ̀ lọ.

Ilé-iṣẹ́ Bosch ní Jámánì ló gbé ABS yìí dé orí Mercedes-Benz S-Class ní 1978. Ní 1995, Bosch àti Mercedes-Benz tún gbé àbúrò rẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní ESP. Toyota ń pe tirẹ̀ ní VSC, Honda ń pè é ní VSA, BMW ń pè é ní DSC. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. ABS máa ń dúró dìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. ESP kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ń wo ibi tí ẹ yí sítíárìn sí, ó ń wo ibi tí ọkọ̀ kọjú sí ní ti gidi. Bí méjèèjì kò bá bára mu, á fi bíréèkì mú táyà kan ṣoṣo, á gba agbára díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, kí ìdí ọkọ̀ má bàa gbá yípo. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1997, ìwé ìròyìn ọkọ̀ kan ní Sweden, Teknikens Värld, wa Mercedes A-Class tuntun bí ẹni tó ń yà fún ẹranko tó já lu títì, ọkọ̀ náà sì dojú dé. Mercedes dá títà rẹ̀ dúró, wọ́n sì fi ESP sára gbogbo A-Class kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Láti orí ọkọ̀ ọdún 2012 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun. Ọ̀rọ̀ tiwa gan-an nìyẹn: tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ìbáà gba Àpápá wọlé, ìbáà gba Kùtọnu, bí ó bá ti jẹ́ 2012 sókè, nǹkan yìí wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ èdè iná wàyí. Tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, iná ABS gbọ́dọ̀ tàn fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kó wá kú. Ara rẹ̀ ló ń yẹ̀ wò. Bí ó bá tàn tí kò kú, tàbí tó kú tó tún padà tàn lójú ọ̀nà, ó ti rí ohun kan tí kò dá a lójú, ó sì ti yọwọ́ nínú iṣẹ́. Bíréèkì lásán ṣì wà. Ọkọ̀ yóò dúró tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, àmọ́ táyà lè dì. Ẹ lè rọra wa ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́. Iná ESP tó bá ń ṣẹ́jú wìwìwì lójú ọ̀nà tó ń yọ̀, tó sì kú nígbà tí ẹ bọ́ sí ibi tó gbẹ, kò ṣàìsàn, ẹ̀yin ló ń gbà sílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n tí iná pupa BRAKE bá tàn pọ̀ mọ́ iná ABS, tí kì í ṣe pé ẹ gbàgbé láti sọ háńdì-bíréèkì sílẹ̀, ẹ má wà á mọ́. Omi bíréèkì lè ti lọ sílẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ètò tó ń pín agbára bíréèkì láàárín iwájú àti ẹ̀yìn ló kú, kí táyà ẹ̀yìn wá kọ́kọ́ dì, kí ọkọ̀ yí ẹ̀yìn síwájú. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí ẹ pe ẹni tí yóò fà á.

Iná mẹ́ta kan wà tó máa ń já àwọn oní-Toyota láyà ju èyíkéyìí lọ. Ìyá kan gbé Camry wọn wá, Check Engine tàn, VSC tàn, TRAC OFF tàn. Ẹnì kan ti sọ fún wọn pé àpótí ABS ló kú. Mo kí wọn, mo ní, “Mọ̀mí, ẹ jókòó ná, ẹ má tíì náwó.” Mo so síkánà mọ́ ọkọ̀ náà. Kóòdù kan ṣoṣo ni mo bá nínú kọ̀ǹpútà bíréèkì: C1201. Ohun tí C1201 ń sọ lórí Toyota kò ju èyí lọ: ara ẹ́ńjìnnì kò dá, nítorí náà mo ti yọwọ́. VSC nílò ẹ́ńjìnnì tó máa gbọ́ràn nígbà tó bá ní kó dín agbára kù. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti ní kóòdù, Toyota á pa VSC fúnra rẹ̀. Inú ẹ́ńjìnnì ni mo lọ wò, P0455 ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ epo ń jò níbì kan. Mo ṣí ọmọrí táǹkì epo. Rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti là yí ká. A pààrọ̀ ọmọrí, a pa kóòdù rẹ́, iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá náà di ọmọrí àtijọ́ mú lọ́wọ́, wọ́n ń wò ó, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí VSC àti Check Engine bá tàn pọ̀, tí iná ABS kò sì sí láàárín wọn, ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè.

Kì í ṣe gbogbo síkánà ló mọ ilé ABS. Àwọn kékeré tí wọ́n ń tà ní ọjà Ládípọ̀ tàbí ní Ararọ̀mí n’Íbàdàn, tí ènìyàn ń so mọ́ fóònù, ẹ́ńjìnnì nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bá sọ̀rọ̀. Kóòdù ẹ́ńjìnnì àti gíà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P. Ti bíréèkì, sítíárìn àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C, ti ara ọkọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B, U sì ni ti ọ̀rọ̀ tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ń bá ara wọn sọ. Bí iná ABS bá tàn, tí oníṣẹ́ so síkánà tirẹ̀ tó ní “kò sí kóòdù kankan,” ẹ bi í bóyá síkánà rẹ̀ ń ka C.

Ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́ kò tilẹ̀ nílò síkánà. Ihò mẹ́rìndínlógún ló wà nínú plọ́ọ̀gì tó wà lábẹ́ sítíárìn. Ẹ fi wáyà kékeré kan so ihò kẹrin mọ́ ihò kẹtàlá, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, kí ẹ máa ka iná ABS bó ti ń ṣẹ́jú. Bí ó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, tó sinmi díẹ̀, tó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, 31 nìyẹn: táyà iwájú lọ́tùn-ún. 32 ni iwájú lósì, 33 ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, 34 ẹ̀yìn lósì. 41 ń pe bátìrì, 49 sì ń pe iná ẹ̀yìn tó ń tàn nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Ẹ fara balẹ̀ ka ihò yẹn dáadáa o, nítorí iná bátìrì gan-an ló wà nínú ihò kẹrìndínlógún. Ẹni tó bá so ó mọ́ ihò kẹrin ti jó fíúùsì.

Lórí síkánà, táyà mẹ́rin kan náà yìí ni C0200, C0205, C0210 àti C0215 ń tọ́ka sí, bí mo ti tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ sókè yẹn. Ọ̀tún ọkọ̀ sì ni ọ̀tún ẹni tó jókòó sídìí sítíárìn, kì í ṣe ọ̀tún ẹni tó dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó fi odindi ọ̀sán tú ìdí táyà tí kò ṣẹ̀ nítorí èyí.

Ibí yìí gan-an ni owó àwọn ènìyàn ti ń ṣòfò. Mẹkáníìkì rí C0200, ó ní “sẹ́ńsọ̀ iwájú lọ́tùn-ún ti kú,” ó ní kí wọ́n lọ rà á. Àdúgbò ni kóòdù ń dárúkọ, kì í dárúkọ olè. Nínú àdúgbò yẹn, sẹ́ńsọ̀ wà níbẹ̀, wáyà rẹ̀ wà níbẹ̀, plọ́ọ̀gì rẹ̀ wà níbẹ̀, òrùka tí sẹ́ńsọ̀ ń kà wà níbẹ̀, bẹ́ríìnì wà níbẹ̀. Èyíkéyìí nínú wọn lè ṣẹ̀, kóòdù kan náà ni yóò sì jáde.

Ojú ni mo máa ń kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́, kí n tó mú míítà. Bátìrì ńkọ́? Kọ̀ǹpútà ABS kì í fara da iná tó rẹlẹ̀. Bátìrì tó dára gbọ́dọ̀ wà lókè 12.4 fóòtì nígbà tí ọkọ̀ bá sùn, kó sì wà láàárín 13.5 sí 14.5 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Mo ti rí iná ABS tó jẹ́ pé orí bátìrì tó dẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ tẹ bíréèkì kí ẹnì kan wo iná ẹ̀yìn: ṣé méjèèjì ń tàn, ṣé wọ́n sì ń kú tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀? Ẹ wo omi bíréèkì. Ẹ wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ ka nọ́ńbà ara wọn. Táyà kékeré ń yí ju táyà ńlá lọ kí wọ́n tó jọ dé ibì kan náà; bí fọkanáísà bá fi ọ̀tọ̀ síwájú, ọ̀tọ̀ sẹ́yìn, ABS á rò pé táyà kan ń sáré ju àwọn yòókù lọ. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń tẹ̀ lé wáyà sẹ́ńsọ̀ láti ìdí táyà wọ inú ọkọ̀, pẹ̀lú ọwọ́ mi, sẹ̀ǹtímítà kan lẹ́yìn èkejì. Wáyà yìí ń bá táyà yí, ó ń bá ṣọ́ọ̀kì fò. Ẹni tó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì tí kò dá bóòtù tó di wáyà náà mú padà ti fi í sílẹ̀ kó máa rọ̀ dirodiro, kí táyà máa fá a. Ní òde, ara wáyà lè dára. Ẹ rọra fà á, bí ó bá nà bíi rọ́bà níbì kan, bàbà inú rẹ̀ ti já.

Ẹ̀yìn èyí ni míítà kàn, irú sẹ́ńsọ̀ tó wà níbẹ̀ ni yóò sì sọ bí a ó ṣe lò ó. Irú méjì ló wà. Ti àtijọ́ jẹ́ òòfà tí wọ́n fi wáyà wé, tó ń wo òrùka irin eléyín. A lè wọn ìyẹn bí ọkọ̀ kò bá tan: ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń wà láàárín 1,000 sí 2,000 ọ́òmù. Bí a bá fi jáàkì gbé táyà sókè, tí a fi ọwọ́ yí i, tí a sì fi míítà sí AC, ó gbọ́dọ̀ fún wa ní iná díẹ̀, tó ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń yára yí i. Ti òde òní yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré ló wà nínú rẹ̀, láti inú àpótí ABS ló sì ti ń gba iná. Ẹni tó bá fi ọ́òmù wọn èyí kò ní rí ohun tó nítumọ̀, ó sì lè bà á jẹ́. Ohun tí a ń wọn níbẹ̀ ni iná tó ń dé plọ́ọ̀gì nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON. Bí iná bá dé, wáyà wà láàyè. Bí kò bá dé, ẹ má tíì sọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ rárá.

Mo ní n óò padà sórí Peugeot. Mo bi ọ̀gbẹ́ni náà pé, “Sà, kí lẹ ṣe sí ọkọ̀ yìí kí iná tó kọ́kọ́ tàn?” Ó ronú, ó ní kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló rántí pé bẹ́ríìnì iwájú ń ké, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ wo? Lọ́tùn-ún. Kóòdù náà sì ń pe iwájú lọ́tùn-ún.

Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi wà á lọ síwájú díẹ̀, mo di síkánà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ń wo eré táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí a dé 30, mẹ́ta wà ní 30. Ti iwájú lọ́tùn-ún wà ní 0, kò mì rárá. A padà dé, mo wọn iná ní plọ́ọ̀gì: ó pé. Wáyà wà láàyè, sẹ́ńsọ̀ tuntun ni, kò sì rí nǹkan kan. Kí ni sẹ́ńsọ̀ ì bá máa rí? Lórí irú ọkọ̀ yìí, òrùka eléyín kò sí. Nínú rọ́bà tó bo ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ríìnì ni wọ́n kó òòfà wẹ́wẹ́ sí, àríwá, gúúsù, àríwá, gúúsù, yípo yípo. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ló gbọ́dọ̀ kọjú sí sẹ́ńsọ̀. Bẹ́ríìnì náà yóò wọlé bí ẹ tilẹ̀ dojú rẹ̀ kọ ibòmíràn. Táyà yóò yí, kò ní ké, kò ní mì. ABS nìkan ni yóò fọ́jú.

A tú u. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí sẹ́ńsọ̀ jẹ́ irin lásán tó ń dán. Nígbà tí a yọ bẹ́ríìnì tán, mo fi bébà funfun kan lé ẹ̀gbẹ́ kejì, mo da ẹ̀rún irin láti ibi tí a ti ń lọ irin sórí bébà náà, mo sì fi ìka gbá a díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rún irin náà tò ara wọn sí ìlà wẹ́wẹ́ yípo bí eyín òòyà. Ọ̀gbẹ́ni náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó títí. Bẹ́ríìnì tuntun kan, ọwọ́ iṣẹ́ ọ̀sán kan, iná kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń pààrọ̀ bẹ́ríìnì, ẹ fi ẹ̀rún irin tàbí abẹ́rẹ́ ìránṣọ dán ojú rẹ̀ wò kí ẹ tó tì í wọlé. Ẹ má fi òòlù lù ú, ẹ má sì gbé e sún mọ́ òòfà ìdí sípíkà.

Àìsàn mìíràn wà tí kì í tan iná, tí kì í sì fi kóòdù sílẹ̀. Ọkọ̀ ti fẹ́ẹ̀ dúró tán ní ìdí iná títì, eré kò ju 10 lọ, bíréèkì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀, ọkọ̀ sì sún síwájú díẹ̀ ju bí awakọ̀ ṣe fẹ́. Wọ́n á ní bíréèkì ń ṣe àjẹ́. Sẹ́ńsọ̀ kan ni kò ríran dáadáa nígbà tí eré bá kéré, bóyá òrùka irin ti là, bóyá ìpẹtà ti wú lábẹ́ sẹ́ńsọ̀ tó sì ti tì í kúrò níbi òrùka. ABS wá rò pé táyà yẹn ti dì, ó sì ń dẹ bíréèkì rẹ̀. Bí a ṣe ń mú un nìyí: ẹnì kan á wà á, ẹlòmíràn á máa wo eré táyà lórí síkánà bí ọkọ̀ ti ń dúró díẹ̀díẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jọ sọ̀kalẹ̀: 12, 9, 6. Èyí tó bá já sí 0 nígbà tí àwọn yòókù ṣì wà ní 8, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹ wá ibi gbalasa tí kò sí ènìyàn fún ìdánwò yìí. Kí awakọ̀ má sì wo síkánà.

Ti ESP ní ìṣòro tirẹ̀. Yàtọ̀ sí sẹ́ńsọ̀ táyà mẹ́rin, ó ní èyí tó ń ka bí a ṣe yí sítíárìn, ó sì ní èyí tó ń mọ bí ọkọ̀ ṣe ń yí po àti bó ṣe ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ Toyota, àárín àga iwájú méjèèjì nìyẹn wà, lábẹ́ ibi tí a ń gbé ife sí. Àwọn wọ̀nyí gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òdo wọn wà, bí òṣùwọ̀n ọjà ṣe gbọ́dọ̀ wà ní òdo kí a tó gbé ẹran lé e. Tí wọ́n bá ṣe àláíǹmẹ́ǹtì tí sítíárìn wọ́ sápá kan nígbà tí ọkọ̀ ń lọ tààrà, ESP á rò pé ẹ fẹ́ yà, ọkọ̀ ò sì yà. Tí wọ́n bá tú àga láti fọ kápẹ́ẹ̀tì tí wọn kò di sẹ́ńsọ̀ náà padà gbọnin, òdo rẹ̀ ti bàjẹ́. C1210 àti C1336 lórí Toyota, ohun tí wọ́n ń bèèrè nìyẹn: ẹ wá fi òdo hàn mí. Síkánà tó mọṣẹ́ lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àmọ́ orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ọkọ̀ dúró sí, kí táyà kọjú síwájú gan-an, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mì í, kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n ṣe lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọkọ̀ náà gbà pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilẹ̀ títẹ́jú, iná VSC sì tún padà lọ́jọ́ kejì.

Àpótí ABS fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó máa ń kú, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n òun ni ẹni ìkẹyìn tí a ń fura sí. Kí ẹnikẹ́ni tó dá a lẹ́bi, kó wo fíúùsì ńlá tó ń gbé iná lọ fún pọ́ǹpù àti fáàfù rẹ̀, kó wo wáyà ilẹ̀ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti fi bóòtù dè é mọ́ ara ọkọ̀. U0121 ń sọ pé àwọn kọ̀ǹpútà yòókù kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ pé ó kú, ó sì lè jẹ́ pé iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Lórí ọkọ̀ tí ẹ̀kún omi ti gbé rí, plọ́ọ̀gì rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń ṣí, kí n wo bóyá eyín bàbà inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Bí ó bá wá já sí pé a ó pààrọ̀ rẹ̀, a ní láti fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú gbogbo bíréèkì lẹ́yìn rẹ̀, lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ síkánà ni yóò máa ṣí fáàfù fún wa, ọ̀pọ̀ sì ń fẹ́ kí a kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sínú rẹ̀ kó tó gbà láti ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó jẹ́ àkọ́rà.

Ọ̀nà kan wà láti pa iná ABS láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo wa nínú iṣẹ́ yìí la mọ̀ ọ́n. Wọ́n á tú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á yọ gílóòbù rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi nǹkan dúdú bò ó. Àwọn mìíràn á so wáyà rẹ̀ mọ́ ti iná bátìrì, kó lè máa tàn kó sì máa kú pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ má lè mọ̀. Wọ́n ti fi owó bẹ̀ mí pé kí n ṣe é. N kò ṣe é rí, mo sì ń fi ọ̀wọ̀ bẹ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi pé kí ẹ má ṣe é. Ẹni tí yóò ra ọkọ̀ yẹn yóò gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, yóò gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ́jọ́ òjò, yóò sì gbà pé ABS wà nígbà tí kò sí.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lọ ra tòkunbọ̀, kí ẹ tó dúnàá dúrà, ẹ wọ inú ọkọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, kí ẹ má tíì ṣíná. Iná ABS gbọ́dọ̀ tàn. Iná VSC náà gbọ́dọ̀ tàn bí ọkọ̀ bá ní in. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kú, kí ẹ sì wò ó bóyá ABS kú ní àkókò tirẹ̀, kì í ṣe pé òun àti iná bátìrì jọ kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì dìde. Èyí tí kò bá tàn rárá, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ta ló yọ ọ́.